Òkúta Inú Kòtò Kẹrin

Àgọ́ àwọn awalẹ̀pìtàn,
Aginjù ìlà-oòrùn Odò Náílì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Nafisa,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó wà pẹ̀lú yín nílé ní Kufiti. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé àwọn ẹyẹlé yín ti pamọ? Ẹ má jáyà pé kì í ṣe ọwọ́ mi lẹ rí nínú ìwé yìí. Báńdéèjì ni wọ́n fi di ọwọ́ mi méjèèjì, Kenawi ọmọ yín ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ ti mọ̀ nìyẹn pé ó wà láàyè. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka ìyókù.

Kòtò kẹrin là ń gbẹ́, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti wa òkúta akọ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ. Bí wọ́n bá wa kòtò tán, àfọ́kù òkúta ni wọ́n ń dà padà sínú rẹ̀. Kenawi wà nísàlẹ̀, ó ń kó àfọ́kù sí agbọ̀n, àwa ń fà á sókè. Ẹ mọ orin iṣẹ́ wa: àwa tá a wà lókè á dá a, ẹni inú kòtò á gbè é.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó rí òkúta roboto kan lára ògiri àfọ́kù. Mo rò pé òòlù àtijọ́ ni, torí a ti rí bí ogójì irú ẹ̀. Mo ní, "Yọ ọ́ wá." Àṣé wọ́n fi ti ògiri náà ni, kó má baà ya lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń ṣe fọ́máànù, mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bó ṣe yọ ọ́, ògiri ya lù ú. Ohun tá a gbọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n da ẹ̀wà gbígbẹ sínú garawa. Eruku rú sókè. A dá orin, kò gbè é. A tún un dá, a ò gbọ́ nǹkan kan.

A ò lè lo ọkọ́, kó má lọ ṣá a. Ọwọ́ lásán la fi wà á, àfọ́kù yẹn sì mú ju abẹ lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé àdúrà. Ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fi í lé mi lọ́wọ́ ló ń dún létí mi: "Bakiri, bó ṣe lọ ni kó ṣe bọ̀." Apá rẹ̀ la kọ́kọ́ rí. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ yọ, ó wúkọ́, ó tutọ́ eruku, ó sì gbe orin tó jẹ wá. Èmi tẹ́ ẹ mọ̀ yìí, mo sunkún níwájú àwọn òṣìṣẹ́.

Ẹ̀bi mi ni. Bẹ́ ẹ bá ní kó padà wálé, èmi fúnra mi ni màá mú un wá. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fojú sunkún ọmọ. Ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó pẹ́ jẹ ẹ́.

Èmi àbúrò yín tó ń bẹ̀ yín,
Bakiri.

Àfikún: Ìyá mi, èmi Kenawi ni. Bàbá Bakiri wà níta, wọ́n ń dúró de tíì. "Má fọwọ́ kàn án" ni wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, "Bàbá, ogbó ti dé, òkúta lásán lẹ ń sá fún." Mo sì yọ ọ́. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ ni mo kọ. Bẹ́ ẹ bá máa bínú, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí. Tíì ti dé. Ọwọ́ wọn ò tíì lè gbá ife mú, mo ń lọ bá wọn dì í mú.