Ìjókòó Iwájú Nínú Mọ́tò Lọ́yà

Ẹ̀sà-Òkè,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Mukhtar Àrẹ̀mú, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Òṣogbo ńbẹ̀? Ṣé ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń tún fóònù ṣe ní Alekuwodo ń mówó wọlé? Ọlọ́run yóò máa ba fóònù àwọn èèyàn jẹ́ kí ìwọ lè máa rí jẹ. Iná mànàmáná kò ní gbé ọ, ọlọ́kadà kò ní gbá ọ, àmín.

Èmi náà wà láàyè, orúnkún nìkan ló ń dà mí láàmú. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí ìbejì, ọ̀kan kú. Má bínú pé lẹ́tà ni mo fi rán Rájí onímọ́tò sí ọ tí n kò pè ọ́, ẹ̀rù fóònù ló ń bà mí. Fóònù ló ṣòfófó Akínkúnmi. Ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù nínú yàrá, àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí àwọn ọ̀gá yunifásítì. Nítorí náà, kí n tó mú bírò, mo gbé tèmi sínú ike gààrí, mo sì dé e pa.

Ọ̀rọ̀ Akínkúnmi yẹn gan-an ló gbà mí lọ́kàn. O mọ̀ ọ́n, ọmọ aládùúgbò wa tí ẹ jọ ń ṣeré, tó wá wọ yunifásítì tí ìwọ kò rí wọ̀. Wọ́n ní ó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń kàwé, ni yunifásítì bá gbé páńẹ̀lì kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Àgbàlagbà méje, gbogbo wọn wọ gáùn, ló jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán tí wọ́n ń gbọ́ ohun tí ọmọ Ìyá Akínkúnmi ní í sọ, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún ní kó lọ sinmi nílé fún ọdún kan. Mukhtar, ta ló tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tìrẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún rí? Èmi tí mo bí ọ gan-an, mo máa ń sùn lọ.

Kí n má purọ́ fún ọ, mo jowú. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti délé ni mọ́tò kò ti kúrò níwájú ilé wọn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà, àwọn mìíràn gbé àpò ìrẹsì wá. Ìyá Akínkúnmi á sunkún díẹ̀, wọ́n á tún gbé òmíràn wá. Lọ́jọ́ tí ìwọ ṣe fíríìdọ̀mù iṣẹ́ fóònù rẹ, ta ló wá? Ṣùkúrátù ọ̀rẹ́ mi nìkan ni, òun náà sì di oúnjẹ lọ sílé. Mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ọ pé kí ìwọ náà wá nǹkan sọ. Àbí kò sí páńẹ̀lì fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe ni?

Àfi lánàá tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti ilé Ìyá Akínkúnmi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bù fún mi nínú ìrẹsì ni. Àṣé wọ́n fẹ́ lọ bẹ páńẹ̀lì lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni, wọ́n sì fẹ́ kí n bá wọn lọ. Àbúrò Ìyá Akínkúnmi tó jẹ́ lọ́yà ní olúkúlùkù wa ló ní fíríìdọ̀mù láti sọ ohun tó bá wù ú. Mo bi í pé ta ni ọ̀gá tó kọ́ ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ sísọ, ta ló sì fọwọ́ sí sàtífíkéètì rẹ̀. Ó ní eré lásán ni ọmọ náà ń ṣe, ó wá tẹ fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́ bó ṣe jẹ́ eré tó.

Ohùn Akínkúnmi ni lóòótọ́. Ó ní Ìgbìrà ni ọmọbìnrin yẹn, pé kí ló ń wá ní kíláàsì, kí wọ́n fún un lọ́kọ́ kó lọ máa kọ ebè, pé nǹkan tí Ọlọ́run dá irú wọn fún nìyẹn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni wọ́n rántí pé Ìgbìrà ni èmi náà, wọ́n wá ń wò mí. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ti mọ́ mi lára láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti fẹ́ mi láti abà wá sáàárín ìlú.

Ìyá Akínkúnmi bá dì mọ́ mi. Ó ní òun mọ̀ pé n kò ní bínú, pé kí n sáà sọ fún páńẹ̀lì pé Ìgbìrà ni mí, àti pé àwa kì í ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Ó ní iwájú mọ́tò lọ́yà ni n ó jókòó. O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo iwájú mọ́tò yẹn bó bá ń kọjá. Mo ní mo gbọ́.

Mo délé, mo gbé iṣu kaná. Iṣu mi ni Akínkúnmi jẹ dàgbà. Bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ sí ọjà Iléṣà, ọ̀dọ̀ wa ló ń fi í sí, ebè tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni iṣu náà sì ti wá. Mo wá ń ro ti ọmọbìnrin yẹn. Wọ́n ní ó sọ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun, ni wọ́n bá gbé àga fún un, wọ́n fún un lómi mu, àgbàlagbà méje sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ń sọ irú rẹ̀ sí mi nídìí kànga, mo sọ fún bàbá rẹ, Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ, ó ní kí n gbé omi mi kí n máa bọ̀ nílé. Ta ló gbé àga fún mi? Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Mo jowú ọmọbìnrin yẹn, Mukhtar. Mo jowú rẹ̀ ju Ìyá Akínkúnmi àti gbogbo ìrẹsì rẹ̀ lọ.

N kò fẹ́ kí ayé Akínkúnmi bàjẹ́ o. N ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó padà sẹ́nu ìwé rẹ̀ bó bá sinmi tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí pé ṣé eré ni, n ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi ná. N ó mu omi. N ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kànga.

Bá mi fi owó rán Rájí kó tó di Mọ́ńdè: ti oògùn orúnkún, ti ìrẹsì díẹ̀ kí ilé tiwa náà lè ta sánsán, àti owó ọkọ̀. Ọlọ́run yóò gbé ọ ga, yóò fún ọ ní aya tí inú mi yóò yọ́ sí. Kò ní jẹ́ kí o máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí o ti sunkún.

Owó ọkọ̀ tí mo wí yẹn, ti àbọ̀ nìkan ni. Àwọn tí yóò gbé mi síwájú mọ́tò lọ, mo mọ̀ pé wọn kò ní gbé mi bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.