Súbárù Àgbàlagbà Tó Gbé Màmá Kọjá Ẹrẹ̀

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ọ̀ṣunbíyìí,
Ìbà, Ọ̀jọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Keje, 2025.

Moyinolúwa, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti yá látìgbà tí ibà ti dá a dùbúlẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń sáré káàkiri ilé, ẹ kú ìtọ́jú o. Ṣé òjò Abẹ́òkúta ò pọ̀ jù? Tiwa níbí kúrò ní kékeré. Màmá ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, torí náà mo ti jíṣẹ́.

Moyin, jókòó dáadáa. Mo ti ra mọ́tò! Èmi Tẹniọlá aránṣọ, tí o kọ́ ní mọ́tò wíwà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa adìyẹ yín. Súbárù ni. Má tíì rẹ́rìn-ín.

O mọ bí ọ̀rọ̀ Màmá ṣe rí. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa lọ sí ilé ìwòsàn ní Okokomaiko. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ á gba àdúgbò wa, kò sì sí kẹ̀kẹ́ Máruwá tó lè wọ ibẹ̀. Sàká, ará ilé kejì wa tó ń ta àgbò ní Alábà Ràgó, ló máa ń pọ̀n wọ́n dé títì. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa rí. Ṣùgbọ́n ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti Màmá. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́, pé àwọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Dókítà sì ti sọ fún mi pé bí ìtọ́jú náà bá dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ yẹn á gan, wọn ò sì ní fi rìn mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Owó tí mo fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ni mo kó jáde.

Owó náà ò tó ra tòkunbọ̀ kankan. Ọ̀gá ṣọ́jà kan ní bárékè Ọ̀jọ́, tí wọ́n ń gbé lọ sí Kàdúná, ló fẹ́ ta Súbárù rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, torí gbogbo ènìyàn ló ń sá fún un. Olúṣọlá, mẹkáníìkì wa, figbe ta: "Àǹtí, Súbárù kẹ̀? Ẹ má fowó yín ra wàhálà o. Páàtì ẹ̀ ò wọ́pọ̀!" Síbẹ̀ ó bá mi lọ.

Mo rántí ẹ̀kọ́ rẹ. Kí wọ́n tó tan mọ́tò náà, mo ti gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tutù bí omi àmù, wọn ò tíì tàn án dè mí láti fi bo àléébù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, háà! Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dúró bí ti mọ́tò yòókù, ńṣe ló nà gbalaja. Mo ní ṣé ó ṣubú ni? Ọ̀gá ṣọ́jà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, àti pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn. A wà á títí, kò gbóná jù. Ibi kan ṣoṣo tí ọ́ìlì ti ń jò ni Olúṣọlá rí nísàlẹ̀, ọ̀gá ṣọ́jà sì yọ owó àtúnṣe rẹ̀ kúrò nínú owó mọ́tò fún mi.

Lọ́jọ́bọ̀, tó jẹ́ ọjọ́ ìtọ́jú Màmá, òjò rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Jíìpù ńlá lánlọ́ọ̀dù wa ti rì síwájú ilé. Mo gbé Màmá sínú Súbárù, mo gbàdúrà, mo tẹ iná. Moyin, orí mi wú! Mọ́tò àgbàlagbà yìí rọra ń wọ́ lọ nínú ẹrẹ̀, ó kọjá lára jíìpù, kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Màmá di ilẹ̀kùn mú. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí pé, "Tẹní, ṣé a ti ń lọ ni?"

A ò tíì dé títì nígbà tí a rí Sàká tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ọjà, tó ká ṣòkòtò sókè, tó fi bàtà sọ́wọ́. Màmá ní kí n dúró.

"Sàká, wọlé."

"Ẹ má bínú, Màmá, ẹsẹ̀ mi ti dọ̀tí. Màá ba mọ́tò yín jẹ́."

"Ọmọ mi, ọjọ́ ti pẹ́ tó o ti ń pọ̀n mí. Wọlé, èmi ló kàn."

Ó wọlé. Omijé bò mí lójú, n kò sì lè nù ún, torí o kọ́ mi pé ọwọ́ méjèèjì ni kí n máa fi di ìdarí mọ́tò mú.

Dókítà ní ẹsẹ̀ náà ṣì ń gbọ́ ìtọ́jú. Màmá ti ń bi mí ìgbà tí Ọjọ́bọ̀ mìíràn máa dé.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Bí ẹ bá dé, ẹ óò gun mọ́tò wa, ṣùgbọ́n ẹ má wo ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ o. Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ Sàká ṣì wà níbẹ̀. Màmá ní n kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́.

Tìrẹ ni mí, tọkàntọkàn,
Tẹniọlá.