Ẹ́ńjìnnì Tíṣà Tí Mo Fi Sínú Ọkọ̀ Mi

                                                            Ẹ̀yìn Rélùwéè,
                                                            Ọ̀fà,
                                                            Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                                            Ogúnjọ́, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ìfẹ́olúwa, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Àkúrẹ́ ń gbà ọ́? Mọ́mì ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Dádì náà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fi Ọ̀fà yangàn fún àwọn ará Àkúrẹ́ látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní Pólì? Ìyá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní o ti gbàgbé àwọn. Ara èmi náà le, àlùhámúdúlílàhì, bí a bá yọ ti inú tó ń bí mi kúrò.

Ẹ̀ẹ̀mejì lo ti bi mí lórí fóònù pé ẹ́ńjìnnì wo ni mo wá fi sínú ọkọ̀ kékeré tí o fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tí mo sì ń ní kó o fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju káàdì ìpè lọ. Jókòó.

Férémù ọkọ̀ náà dára. Páìpù oníhò ni wẹ́dà fi jó o, ó sì fúyẹ́ débi pé èmi àti ìyá mi nìkan la gbé e kúrò lójú òjò. Ìyá mi ní ṣé ọkọ̀ rèé ni àbí àga. Ẹ́ńjìnnì ló kù, mẹ́ta ló sì wà níwájú mi. Àkọ́kọ́ ni ti alùpùpù ńlá kan tó ní jàǹbá lọ́nà Ìlọrin. Agbára rẹ̀ pọ̀ lápọ̀jù. Tí mo bá so ó mọ́ férémù yẹn, ẹ́ńjìnnì á lọ, á fi èmi àti àga sílẹ̀. Èkejì ni ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò. Kabir, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, búra pé òun ló dára jù, òótọ́ ló sì sọ. Ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ ní rífáàsì, ó sì ní fáànù tirẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Ti ọkadà kò ní rífáàsì. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń tù ú lára, tí o bá wá gbé e sẹ́yìn àga nínú ọkọ̀, atẹ́gùn ò dé ibẹ̀ mọ́, á máa gbóná bí agbada àkàrà. Ẹni tó bá ní làákàyè, ti kẹ̀kẹ́ ni yóò mú. Ẹ̀kẹta, ti ọkadà, ni èmi mú.

Ẹ̀san ni mo fi mú un, n kò ní purọ́ fún ọ. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò wa.

O mọ Ọ̀gá Gbádé tí mo kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. (Má bá mi jà tí mo bá ń pè é ní "ó", ohun tí inú mi gbà nìyẹn.) O rántí pé ọjọ́ fírídọ̀mù mi ti kò, ìyá mi ti ra ẹran, mo ti rán aṣọ, kó tó di pé ó ní kí n ṣì ní sùúrù, pé ó kù díẹ̀. Kí ló kù? Kò sọ. Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì kò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá gbàdúrà fún un níwájú wọn. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo bínú kúrò. Ó di ọdún kan ààbọ̀ báyìí tí mo ti ń tún ọkadà ṣe lẹ́yìnkùlé ìyá mi bí ẹni ń ta ọjà olè.

Ẹ́ńjìnnì kẹta yìí, Ọ̀gá Gbádé ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti kú. Ti alùpùpù Tíṣà Adérẹ̀mí ni, Ìlẹmọnà ni wọ́n ń gbé. Ọjọ́ tó tú u, ó rán mi lọ ra páàtì ní Ìlọrin. Nígbà tí n óò fi dé, ó ti wé e sínú àpò, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ẹ́ńjìnnì Tíṣà ti kú. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Nígbà tí mo wá rí àpò yẹn gan-an lóṣù Kẹsàn-án lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, ijó ló kù kí n bẹ́ sí. Èrò mi ni pé n óò jí òkú tí Ọ̀gá Gbádé sin, n óò fi wa ọkọ̀ wọ àárín ìpàdé ẹgbẹ́, n óò sì bi í níwájú gbogbo wọn pé ta ni kò tíì mọṣẹ́ nínú àwa méjèèjì. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

Mo tú u. Irin kékeré kan wà tó gba inú písítìn kọjá. Kílíìpù méjì ló ń dì í mú kó má sún, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọn kò sì tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Ọ̀kan péré ló wà níbẹ̀. Èkejì kò já bọ́ o, wọn kò fi sí i rárá ni. Ojú ibi tó yẹ kó wà mọ́ fínnífínní. Irin náà ti sún síta, ó ti ha inú bulọ́ọ̀kù yánnayànna. Mo pariwo, ìyá mi sáré jáde, wọ́n rò pé nǹkan ṣe mí lọ́wọ́. Àṣìṣe ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lánàá ni ọ̀gá ńlá ṣe, tó wá pè é ní ikú!

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo sọ fún Kabir, mo sọ fún àwọn tó ń ta páàtì, mo ní kí gbogbo wọn wá sí ìpàdé Ọjọ́bọ̀, pé ẹnìkan yóò jẹ́jọ́. Mo gbẹ́ inú bulọ́ọ̀kù, mo fi písítìn tuntun àti kílíìpù méjèèjì sí i, mo so fáànù jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn nítorí ooru. Ó dáhùn nígbà kẹta tí mo ta á nípàá. Ó wá ku ẹlẹ́rìí, ni mo bá gba Ìlẹmọnà lọ bá Tíṣà.

Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní Ọ̀gá Gbádé fúnra rẹ̀ ti wá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn nígbà náà, ó ní òun ló gbàgbé kílíìpù, ó sì fi ẹ́ńjìnnì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ò rí i, sà!" Tíṣà dá mi lóhùn pé:

"Asiata, ọ̀gá rẹ ò sí ní Ọ̀fà lọ́sẹ̀ tí wọ́n to ẹ́ńjìnnì yẹn. Fídáù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ. Ìwọ lo gbé alùpùpù wá fún mi. O ní, ẹ wò ó, sà, èmi nìkan ni mo tò ó. Mo tiẹ̀ fún ọ ní mọ́ọ̀tì mu."

Ìfẹ́, mo rántí mọ́ọ̀tì náà. Ó tutù dáadáa.

Má rò pé inú mi rọ̀ lọ́nà ilé o. Ńṣe ló tún le sí i. Ká ní ó gbá mi létí lọ́jọ́ náà, ká ní ó fi kílíìpù hàn mí, ṣebí ǹ bá ti mọ ohun tó kù. Ó gbé ẹ̀bi mi rù láìsọ fún mi, ó wá fi ẹ̀kọ́ mi dù mí. Ìbínú tí mo ti tọ́jú fún ọdún kan ààbọ̀ kàn ń wá ibi tí yóò bà sí ni.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo àwọn tí mo pè ló wá lọ́jọ́bọ̀. Mo wa ọkọ̀ wọ gbọ̀ngàn, wọ́n pàtẹ́wọ́, Alága ní ẹ́ńjìnnì ta nìyí, ta ló sì ní ó ti kú? Kí n tó lanu, Ọ̀gá Gbádé ti dìde níwájú. Ó ní, "Èmi ni. Àṣìṣe ọwọ́ mi ni. Ẹ má bi ọmọ yìí ní nǹkankan."

Orí mi gbóná. Ó tún fẹ́ bò mí! Mo figbe ta pé, "Irọ́ ni, sà! Èmi ni mo pa á! Kílíìpù kan ṣoṣo ni mo fi sí i, ẹ ò tiẹ̀ sí nílé!" Má pè é ní òdodo, Ìfẹ́. Ẹ̀san ṣì ni. Mi ò fẹ́ kó tún ṣe mí lóore lẹ́ẹ̀kejì láìbi mí. Àwọn ẹgbẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní kí n padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí n tó gba fírídọ̀mù. Mo bojú wo Ọ̀gá Gbádé, ilẹ̀ ló ń wò.

Mọ́ńdè mo lọ. A ò kíra ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó gbé ẹ́ńjìnnì ọkadà kan tí wọ́n ti tú palẹ̀ síwájú mi, ó ní kí n tò ó. Ó gbé ṣágo omi, ó ṣàlùwàlá, ó sì gba mọ́ṣáláṣí lọ, kò wẹ̀yìn wò. Èmi nìkan ló kù níbẹ̀. Mo tò ó. Ìfẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u padà láti ka kílíìpù kí ó tó dé, mo sì ń ṣépè fún un lábẹ́lẹ̀.

Bá mi kí Mọ́mì àti Dádì. Tí ìwọ náà bá fẹ́ to ọkọ̀ tìrẹ, jọ̀wọ́, mú ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́.

Èmi ni tìrẹ, tí ìbínú ò tíì tán nínú rẹ̀,

Asiata.