Bá Mi Gbé Ìsọ̀ Mi Dé Béoumi

Nafi ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Abidjan níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ dáadáa? Àwa náà ń dúpẹ́ ní Bouaké. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti rọlẹ̀, ewúrẹ́ wa sì bí ìbejì. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láyé, nítorí ìtìjú tí mo rí lóṣù yìí ti tó fún èmi pẹ̀lú rẹ.

O mọ Sákínátù tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú ọjà ńlá, tí òun náà ń ta ìkòkò àti abọ́ tánganran. Èmi ni mo fi ibi tí wọ́n ti ń ra ọjà hàn án nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ọmọ rẹ̀ Najeem wá fi ìsọ̀ rẹ̀ sínú íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà, bí àwọn oníbàárà láti ìlú Béoumi bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ọ̀dọ̀ Sákínátù ni wọ́n ń lọ tààrà, wọn kì í tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ tèmi. Nafi, n kò ní purọ́ fún ọmọ tí mo bí, mò ń jowú. Mo jowú débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Kí ni abọ́ tirẹ̀ ní tí tèmi kò ní?

Mo bá mú ìborùn mi, ó di ilé kọ̀ǹpútà Yísà ní àdúgbò N'Gattakro. Mo ní kó fi èmi náà síbẹ̀, kó sì fi mí ṣíwájú Sákínátù, torí èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọjà. Mo tún fi owó díẹ̀ lé e fún àwọn ọmọ ogun tó ń dá mọ́tò dúró lọ́nà Béoumi, torí kò sí ohun tó ń kọjá níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Yísà ní íńtánẹ́ẹ̀tì kì í gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní kó ṣáà gba owó náà, a kì í mọ̀.

Ló bá mú bíírò, ó ń bi mí pé kí ni mò ń tà, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ìgbà wo ni mò ń ṣí. Mo fura. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ogun ti pín ilẹ̀ yìí sí méjì, ẹni tó bá mú bíírò lọ́wọ́ tó ń bèèrè ohun tí o ní, ó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ ni. Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé a kì í jẹ́wọ́. Mo bá dá a lóhùn bí mo ṣe ń dá àwọn agbowó àwọn ọmọ ogun lóhùn. Mo ní ìkòkò méjì péré ló kù, ọ̀kan sì ń jò. Mo ní àìsàn kì í jẹ́ kí n ṣí ìsọ̀. Mo ní opó ni mí, kí bàbá rẹ má gbọ́. Yísà bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó má yọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kọ ọ́ ní Faransé, ó ya fọ́tò mi, mo sì fajú ro bí ẹni tí kò jẹun láti àná.

Lọ́sẹ̀ kejì, Àmọ̀sù, oníbàárà mi ará Béoumi láti ọdún méjìdínlógún, yọ níwájú ìsọ̀. Inú mi dùn, mo gbé àga fún un. Àfi ẹkún! Ó gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ kalẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run fún bàbá rẹ. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ ti mọ́sálásí dé, tó ń bèèrè oúnjẹ. Díẹ̀ ló kù kí Àmọ̀sù ṣubú lórí àga. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní àwọn rí mi nínú íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ilé òun sì bú sẹ́kún. Ogún abọ́ tó fẹ́ fi sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ, ó ti rà á lọ́dọ̀ Sákínátù, kó má baà ni aláìsàn lára.

Èyí kò tíì tó. Ọmọ Sákínátù kà á fún ìyá rẹ̀. Sákínátù kó àwọn obìnrin ọjà lẹ́yìn wá sílé wa, wọ́n gbé ìrẹsì wá, òun sì gbé ìkòkò tuntun fún mi, ó ní kí n fi rọ́pò èyí tó ń jò. Nafi, obìnrin yìí mọ iye ọjà tó kún yàrá mi dé òkè àjà! Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wò mí, ó ń ṣe àmín sí àdúrà. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, kò jẹ́ kí n rí ohun tí n óò fi kórìíra rẹ̀. Mo fi ìkòkò náà se ẹja Àmọ̀sù. Ó dùn, inú mi sì tún bàjẹ́ sí i.

Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi tún un kọ. Kọ ọ́ pé abọ́ mi pọ̀, pé ara mi le, pé ọkọ mi wà láàyè, ó sì ń jẹun dáadáa. Kọ ọ́ kí àwọn ará Béoumi rí i, kí àwọn ọmọ ogun má rí i, kí Sákínátù sì rí i ṣáájú gbogbo wọn. Fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, kí n lè ra ẹ̀bùn tó tóbi ju ìkòkò rẹ̀ lọ fún un. Bí kò bá ṣeé ṣe kí o fi mí ṣíwájú rẹ̀, fi mí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí fọ́tò tèmi tóbi jù.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún mi. Á fi ọ́ ṣíwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ, kí ẹnì kan nínú ilé wa ṣáà wà níwájú.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í ṣe opó,
Sìlífátù