Ṣọ́ọ̀bù Fìrdáúsì Ni Mo Wà Báyìí

Tanke, Ìlọrin,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, 2025.

Tóbilọ́ba, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le ní Bídà, ṣé oúnjẹ ń wọlé dáadáa? Tí o bá béèrè tèmi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ara mi kò tíì padà sí bó ṣe wà, àmọ́ mo ń jí, mo ń wẹ̀ fúnra mi, mo sì ń jẹun yó.

Mo mọ̀ pé mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ ń pariwo, èmi náà ń pariwo, káàdì sì tán kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Èyí tí mo kọ yìí, jókòó kí o kà á tán. Awakọ̀ tó ń ná Bídà ni mo fi rán, pẹ̀lú gààrí.

Ohun tí Zakari ọ̀rẹ́ rẹ sọ fún ọ, òótọ́ ni. Mo ti kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀dọ̀ Fìrdáúsì ni mo ń jókòó sí. O ní ojú ń tì ọ́ pé ìyá rẹ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé o máa fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí o wá máa wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ nígbà náà torí ẹ ń ṣe ìdánwò. Ó ku bí oṣù kan kí Iléyá dé, mo jí láàárọ̀, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ tèmi mọ́. Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé rọpárọsẹ̀ ló fẹ́ ṣe mí, Ọlọ́run ló ní kó mọ síbẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì dá ṣáṣá, ẹnu kò yí. Àmọ́ ẹsẹ̀ la fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo ro ti mọ́tọ̀ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ. Mo béèrè iye rẹ̀, mo fi owó epo jẹnẹrétọ̀ kún un, mo rí i pé owó oògùn ni mo fẹ́ kó lé e lórí. Mo gbé e jù sílẹ̀.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, bó bá ṣàìsàn, yóò kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, owó oṣù á ṣì wọlé. Èmi ni ọ̀gá, èmi náà ni òṣìṣẹ́. Ọjọ́ tí mi ò bá ránṣọ, kò sówó lọ́jọ́ náà, oògùn kò sì mọ̀ pé mi ò ránṣọ.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni aṣọ Iléyá. Aṣọ àwọn èèyàn wà nínú àpò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ti san àsansílẹ̀, àsansílẹ̀ náà sì ti bá owó ọsibítù lọ. Bí wọ́n bá pè, mo ń sọ ohun tí gbogbo télọ̀ ń sọ. Ìyá Hamzah, tó ń rán aṣọ gbogbo ilé rẹ̀ lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí o wà ní pírámárì, kò jẹ́ kí n sinmi. Mo ní, "Bọ́tìnì ló kù, Àlhájà." Tóbi, sísọ́ọ̀sì kò tíì kan aṣọ náà. Mo sì mọ̀ pé bí ọdún bá bá aṣọ wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti di ẹni àná ní Tanke nìyẹn.

O mọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti Fìrdáúsì ṣe rí. Èmi ni mo ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán, mo fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, mo gbàdúrà fún un lórí ìkúnlẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó gba ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì sí tèmi. Kò ṣẹ̀ mí, ó ń kí mi láràárọ̀, ṣùgbọ́n mi ò wọ ibẹ̀ rí. Mo kàn ń ti ojú fèrèsé mi wo àwọn tó ń wọlé síbẹ̀.

Òun ló wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ kó aṣọ Iléyá fún mi." Mo ní aṣọ wo, bọ́tìnì ló kù. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní irọ́ yẹn o." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo pa á mọ́ra. Mo ní, "Kọ́sítọ́mà mi lo fẹ́ kó." Ó ní, "Àwọn tó máa wá sọ́dọ̀ mi ti wá, mà. Àwọn tó kù yìí, ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́. Bí ẹ bá já wọn kulẹ̀, wọn ò ní yà sọ́dọ̀ mi, àwọn télọ̀ àdúgbò Post Office ni wọ́n máa lọ bá."

Mo rò ó, mo rí i pé kò parọ́. A wá ná ọ̀rọ̀ owó. Mo ní ká pín in dọ́gba. Ó ní òwú tòun ni, iná tòun ni. Mo ní orúkọ mi ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé aṣọ wá. A ná an títí tí ọbẹ̀ tó wà lórí iná fi fẹ́ jóná, a pín in sọ́nà mẹ́ta, ó mú méjì, mo mú ọ̀kan. Wọ́n gbé pákó lé bẹ́ẹ̀dì fún mi, mo ń jókòó gé aṣọ, òun ń kó o lọ rán, èmi ń fọwọ́ ṣe etí rẹ̀. Ọdún dé, kò sí aṣọ ẹnì kan tó ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn ọdún, Ìyá Hamzah gbé ẹran wá. Ó ní, "Ìyá Tóbi, ọrùn aṣọ tọdún yìí jókòó ju tèṣí lọ. Àbí àìsàn yìí tún ọwọ́ yín ṣe ni?" Mo lè ní Ọlọ́run ni, kí n sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Mo ní, "Fìrdáúsì ló rán an. Èmi ni mo gé e." Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì náà ni kí ẹ máa rán tèmi lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń rò nígbà tí onílé ṣọ́ọ̀bù wá béèrè owó yàrá ọdún kan. Kí ni mo fẹ́ tìtorí ẹ̀ máa sanwó yàrá tí ẹ̀rọ kò ti lè yí? Mo fi ọ̀pá rìn sọdá títì, mo bá Fìrdáúsì sọ ọ́. Gbọ́ dáadáa: kì í ṣe owó oṣù ni mò ń gbà. Aṣọ tí mo bá gé, mo ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ mi wà níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń lò ó, ó sì ń san owó rẹ̀ fún mi.

Mi ò ní sọ pé kò ni mí lára. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Màríámù, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, pe "Ọ̀gá," èmi ni mo dáhùn. Gbogbo wọn wolẹ̀. Fìrdáúsì náà wolẹ̀. Màmá ni wọ́n ń pè mí báyìí, etí mi ti ń mọ̀ ọ́n.

Owó tí mò ń rí níbẹ̀ ni mo fi ń ra oògùn, ibẹ̀ náà ni owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ yóò ti wá. Kẹ̀kẹ́ tí o ń sọ, kì í ṣe tìrẹ. Bí ibà bá dá ọ dúbúlẹ̀, olówó kẹ̀kẹ́ ṣì máa béèrè tirẹ̀. Jókòó ti ìwé rẹ, Tóbi.

Nígbà tí o bá gba ọlidé, má dúró síta kí o ní kí wọ́n bá ọ pè mí. Wọlé. Dọ̀bálẹ̀ kí Àǹtí Fìrdáúsì kí o tó kí mi, torí òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà, wá kí mi nídìí tábìlì mi.

Ọlọ́run yóò là ọ́ lójú, yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kò ní jẹ́ kí ìyà tó jẹ mí jẹ ọ́. Wàá fi ara líle jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Morẹ́nikẹ́ Fọlọ́runṣọ́.

Mo gbàgbé: ṣòkòtò kan wà lábẹ́ gààrí náà. Èmi ni mo gé e, Fìrdáúsì ló rán an, kò sì gbowó. Bó bá há, èmi ni kí o bá wí. Bó bá bá ọ mu, òun ni kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.