Wọ́n Dí Ihò Tí Ẹ́ńjìnnì Bàbá Fi Ń Mí

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé èmi kọ́ ni ẹ ń retí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ìbàfò níbí. Mo kí àwọn bàbá wa, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo kúrò nílé, tí wọn ò dá mi mọ̀. Mo kí Bọ̀dá Mùfú, ẹ̀gbọ́n mi, mo ní wọ́n kú ìrora ẹsẹ̀.

Ẹ má bínú pé ojú gbogbo ayé ni mo ti kọ lẹ́tà yìí. Mo pè yín títí lórí fóònù, ẹ ò gbé e. Ohùn yín tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo gbọ́ kẹ́yìn. Ẹ ní kí n má fẹsẹ̀ tẹ agbo ilé wa mọ́ àfi bí mo bá ń bọ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú ẹbí, ẹ ní ọwọ́ abanǹkanjẹ́ ni ọwọ́ mi. Wọ́n sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé èmi ni mo dá ihò sí ẹ́ńjìnnì máṣínì tí Bàbá máa ń gùn, tí mo fi ṣe ẹ̀gbọ́n mi léṣe. Ìta ni wọ́n ti dá mi lẹ́bi, ìta náà ni n ó ti fèsì.

Ẹ ò tíì dé Mówè tí mo ti ń ṣiṣẹ́ rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbé. Etí títì tó lọ sí Ọ̀fàdà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ a gba gbogbo iwájú ibẹ̀, inú omi ni mo máa ń dúró sí tú ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, eruku àwọn tí ń gbé yanrìn lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé a bò mí mọ́lẹ̀. Èmi àti àwọn tí a jọ ń gbé inú ilé kan ní Ìbàfò, mi ò mọ orúkọ wọn. Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń ríra bí ẹni tó pàdé lójú àlá. Nígbà tí ibà dá mi dúbúlẹ̀, Àlàájì tó ni ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù mi wà ni ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi. Kò sí ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ Ìwó ìlú wa tó wà níhìn-ín nìkan ni mo fi ń ṣe ará. Àwọn ló ń gbé máṣínì wọn wá fún mi tún ṣe, a sì jọ máa ń jẹun lọ́jọ́ Àìkú.

Bọ̀dá fúnra wọn ni wọ́n fi ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó sìmẹ́ǹtì gbé máṣínì Bàbá wá bá mi. Wọ́n ní àdúrà ìrántí Bàbá ti ń súnmọ́lé, àwọn fẹ́ gùn ún wọ agbo ilé bí Bàbá ṣe máa ń gùn ún nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ wolé-wolé. Wọ́n ní kí n jí i dìde. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn gan-an ni.

Ẹ ó rántí bí máṣínì yẹn ṣe máa ń rú èéfín, àti bí ọ́ìlì ṣe máa ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ fi ń da yanrìn sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wa rò pé ogbó ni. Kì í ṣe ogbó, bí wọ́n ṣe rọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Nínú ẹ́ńjìnnì, irin kan tí à ń pè ní písítìn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wá sísàlẹ̀. Nígbàkigbà tó bá sọ̀kalẹ̀, ó ń ti afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ yẹn ò bá rí ọ̀nà tó tó gbà jáde, á fipá wá ọ̀nà, á sì kó ọ́ìlì dání. Ọ́ìlì tó sì yẹ kó ṣàn padà sísàlẹ̀ kò tètè ṣàn, torí ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un há jù.

Mo tú u palẹ̀. Mo fẹ ojú ihò náà, mo fi fáìlì onírin ha igun irin tó ń dá ọ́ìlì dúró. Mo wá lu ihò kékeré kan sí òkè ikùn rẹ̀, mo ki páìpù bọ̀ ọ́, mo fi fáàfù sí i, èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde tí kì í jẹ́ kó padà wọlé. Mo tọ páìpù náà sẹ́yìn, mo yà á kúrò lọ́dọ̀ táyà. Ihò tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ nílé nìyẹn.

Nígbà tí mo ń fá ara irin náà, mo bá ọṣẹ tó ti gan bí òkúta níbi tí irin méjì ti pàdé. Bàbá ló fi dí i kí ọ́ìlì má baà jò. Ipa àtàǹpàkò wọn ṣì wà lára ọṣẹ náà. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè fá a kúrò. Ẹ̀yin wá ní mi ò ka ohun ìní Bàbá sí.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo gùn ún dé Ọ̀fàdà, mo gùn ún padà. Àlàájì na ọwọ́ sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn mí. Kò sí ọ́ìlì níbẹ̀. Bọ̀dá dé, wọ́n wo páìpù náà, wọ́n ní ó dà bí èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, pé máṣínì Bàbá ò ní irú rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ wọn sí ẹnu páìpù kí wọ́n mọ bó ṣe ń mí. Mo bẹ̀ wọ́n pé ohunkóhun tó wù kí wọ́n ṣe, kí wọ́n má dí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni pé wọ́n ṣubú lójú ọ̀nà Ìbògùn. Mo sáré lọ sí Ifọ̀ tí wọ́n ń gbé. Máṣínì náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì wọn, ọ́ìlì bo táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ti gé páìpù mi, wọ́n ti fi bóòtù irin dí ihò náà pa, wọ́n sì kun ọ̀dà lé e. Afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà jáde ti fọ́ ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró, ọ́ìlì sì ya sára táyà, òun ló mú kó yọ̀. Mo bi wẹ́dà tó ń jórin nítòsí. Kò fi pa mọ́ fún mi. Ó ní Bọ̀dá ló ní kí òun ṣe é bẹ́ẹ̀, torí wọ́n fẹ́ kó rí bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀.

Mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún Ìyá. Wọ́n ní àwọn ni àgbà, àwọn ni gbogbo ilé ń wò, ṣùgbọ́n èmi ń gbé ọ̀nà jíjìn, ìtìjú ò ní bá mi débẹ̀. Ìyá mi, ẹsẹ̀ wọn wà nínú sìmẹ́ǹtì funfun tí dókítà fi di eegun wọn, omijé wà lójú wọn. Mo gbà fún wọn. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀bi náà ni wọ́n fẹ́ kí n gbé.

Ìtìjú bá mi débí. Àwọn ọmọ Ìwó gbọ́ láti ilé, wọ́n ń wá gbé máṣínì wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní òun ò fẹ́ kí n dá ihò sí tòun. Ọjọ́ Àìkú ti di ọjọ́ tí mò ń dá jẹun. Ẹ̀yin náà wá pàṣẹ pé kí wọ́n ta máṣínì náà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Kí n tó gbọ́, wọ́n ti fi òòlù fọ́ ọ. Ohun tí Bàbá gùn títí wọ́n fi dolóògbé, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kí wọ́n tó dí i, ẹ ní kí wọ́n fọ́ ọ nítorí ohun tí mi ò ṣe.

Mi ò ní wá bẹ̀bẹ̀, Ìyá mi. Ẹ ní kí n wá kúnlẹ̀ níwájú ẹbí. Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń kúnlẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ṣì wà lọ́dọ̀ awakọ̀ tó máa ń gbé e wá fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lò ó, ẹ má torí pé èmi ni mo rà á dá a padà.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kó má fi ẹkún mọ́ ọjọ́ ogbó yín. Ẹ bá mi kí tilé-toko, ẹ kí àwọn tó bú mi àti àwọn tó dákẹ́. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá. Mò ń gbàdúrà fún wọn ní gbogbo ìrun mi pé kí Ọlọ́run tètè fún wọn ní ẹsẹ̀ tí wọ́n á fi rìn wọ yàrá yín, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.

Èmi ni, ọmọ yín,
Súlè, ní Ìbàfò.