Àwọ̀n Ẹ̀fọn Tí Mo Fi Bo Ata

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Ràfíù àbúrò mi ti béèrè oúnjẹ. Ọlọ́run, o ṣeun.

Èmi ni mo tú àwọ̀n ẹ̀fọn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo fi bo ata mi lẹ́yìn ilé, torí àwọn adìẹ tonton, àbúrò Màmá, ń ṣá a jẹ. Ata yẹn nìkan ló jẹ́ tèmi nínú ilé yìí. Mo parọ́ fún Màmá pé àwọ̀n ya, pé mò ń rán an. Àfi bí ara àbúrò mi ṣe gbóná lánàá, tó ń gbọ̀n. Mo kórìíra ara mi.

Láàárọ̀ a gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Tchatchou. Tata nọ́ọ̀sì gún un ní ìka, ó ní ibà ni, ṣùgbọ́n a tètè dé. Ó fún un lóògùn, ó wá bi wá pé:

"Ṣé ó ń sùn nínú àwọ̀n?"

Màmá ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rán an ni."

Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́: "Ó wà lórí ata mi."

Ẹnu ya nọ́ọ̀sì: "Ah bon? Ẹ̀fọn ń jẹ ata?"

Màmá ò gbá mi létí. Bí a ṣe délé, "Lọ tú u," ló ní.

Mo ti fọ̀ ọ́, ó ti gbẹ, mo sì ti rán ibi tí igi ti ya á, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ràfíù wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń pariwo pé ṣúgà ẹ̀kọ òun ò tó.

Àwọn adìẹ ti wọ inú ata. Mò ń gbọ́ wọn. Mi ò dìde.